Kí Àbúrò Má Ta Ọrun Rẹ̀. Ọfà Ni Kí Ó Ta

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, àmọ́ èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá kọ̀wé sí yín. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lójú ìwé eré ìdárayá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi mú bírò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ ọ́. Ó ní ọmọ ọdún 29 ni òun, ọdún mẹ́ta ni òun sì fi kọ́ ọfà títa. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún òun ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, òun ò ráyè lọ sí pápá mọ́, òun sì ti pinnu láti ta ọrun òun. Gbólóhùn tó fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbàgbé lẹ́tà náà: ó ní eré àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ọfà títa.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọmọ ọdún 47 ni mí. Ìbejì tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ mi sì máa ń yí ni: ọ̀sẹ̀ kan àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kẹta òru. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń tafà. Torí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè, mi ò ní já a nírọ́, nítorí mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ó mọ̀ ni pé èmi náà wá àyè náà síbi tí kò sí fún odindi ọdún méjì, mo sì farapa níbi tí mo ti ń wá a, kí n tó rí i níbi tó wà.

Ní ọdún méjì àkọ́kọ́ yẹn, èrò mi ni pé ìdánrawò kì í ṣe ìdánrawò àfi tó bá gba ìdajì ọjọ́. Sátidé ni mo yà sọ́tọ̀ fún un. Bí Sátidé bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. Bí ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ò bá yá, ọ̀sẹ̀ kejì náà ti lọ. Ìgbà kan wà tí mi ò fọwọ́ kan ọrun fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Nígbà tí mo wá ráyè lọ, inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ padà sílé. Ọfà 120 ni mo ta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọrun mi jẹ́ recurve, irú èyí tí ẹnu apá rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú, ìwọ̀n tí mo sì ń fà tí mo bá fà á dé abẹ́ àgbọ̀n jẹ́ pọ́ùn 34. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọfà 120 lọ́nà pọ́ùn 34 ju pọ́ùn 4,000 lọ, kílò tó lé ní 1,800, tí èjìká kan ṣoṣo fà láàárọ̀ kan, lẹ́yìn tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tí mo máa fi ta nǹkan bí ọfà 90, ìgúnpá mi ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo rí i, mi ò dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè gbé apá sókè láti wọ aṣọ iṣẹ́. Ọkọ mi ló bá mi wọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méje ni èjìká yẹn fi dùn mí. Nígbà tí mo padà sí pápá, ẹni tó kọ́ mi ní ọfà, bàbá kan tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyá Ìbejì, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí o ta ọfà 120 yẹn, mélòó lo ta?”

Mo ní, “Kò sí, Bàbá.”

“Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́?”

“Kò sí, sà.”

“O jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ márùn-ún, o fẹ́ san án lóòjọ́. Èjìká rẹ lo fi ṣe onídùúró.”

Kò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n mú ìwé, kí n ṣírò ọjọ́ Sátidé mi fún òun láti ìgbà tí mo bá ti jáde nílé. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ wákàtí kan àti 20 ìṣẹ́jú. Kí n to ọrun pọ̀, kí n fi ọsán, ìyẹn okùn rẹ̀, sí i, kí n fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín ọsán àti ìdìmú, ìyẹn gba 15 ìṣẹ́jú. Kí n tú u palẹ̀, kí n kó o padà sínú àpò, 10 ìṣẹ́jú. Dídúró de àwọn tó wà lórí ìlà, rírìn lọ fa ọfà yọ, rírìn bọ̀, wíwá ọfà tó wọnú koríko, kíkí ara ẹni, gbogbo ìyẹn ló jẹ ìyókù wákàtí mẹ́rin tí Sátidé mi ń gbà. Bàbá wá bi mí pé láti ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọsán títí ọfà á fi kúrò lọ́wọ́ mi, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó? A jọ kà á. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ni. Ní Sátidé tí ara mi bá le, ọfà 60 ni mo máa ń ta. Mẹ́jọ lọ́nà 60 jẹ́ 480. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni.

Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ó dà bíi pé mo ṣì í. Nínú wákàtí mẹ́rin tí mo ń jìjàdù fún, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni ọrun wà ní fífà lọ́wọ́ mi. Ìyókù kò ṣòfò o. Mo fẹ́ràn pápá náà, mo fẹ́ràn àwọn ènìyàn ibẹ̀, ọ̀nà tí ọfà sì ń gbà fò, ẹnìkan ò lè rí i nínú yàrá. Ṣùgbọ́n àyè ìṣẹ́jú mẹ́jọ kò wọ́n mi nílé. Ohun tí mo ti ń pè ní àìráyè fún ọdún méjì, àìráyè láti lọ àti láti bọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe nínú ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà, torí mo fẹ́ kí àbúrò yìí lè ṣe é láìbi ẹnikẹ́ni. Rọ́bà tó ń fà ni mo kọ́kọ́ máa fi na apá àti èjìká kí ara lè móoru. Lẹ́yìn náà ni màá mú ọrun, màá dojú kọ ògiri, kò ní sí ọfà lórí ọsán rárá. Màá fà á títí ọwọ́ á fi kan abẹ́ àgbọ̀n bí ẹni pé mo wà lórí ìlà, màá mú un dúró síbẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú àáyá, màá wá dá a padà díẹ̀díẹ̀. Màá sinmi fún 40 ìṣẹ́jú àáyá. Ó di ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo ń ṣe é. Ohun kan ni kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: kí ọsán yọ lọ́wọ́ ènìyàn nígbà tí kò sí ọfà lórí rẹ̀. Agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ yóò padà sára apá ọrun méjèèjì, ó sì lè fọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọrun ẹlòmíràn, kì í ṣe ìró tí ènìyàn ń fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí lè rò pé eré ọmọdé ni. Kí ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ìgbà kẹfà sí ìkeje, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ibẹ̀ ni ara sì ti ń kọ́ ohun tí Bàbá ti ń sọ fún mi láti ọdún kìíní tí mi ò gbọ́: ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń fa ọrun. Iṣan tó wà láàárín èjìká méjèèjì lẹ́yìn ló yẹ kí ó gbé ẹrù náà, kí apá má ṣe ju okùn tó so ọrun mọ́ wọn. Lórí pápá, ojú mi máa ń sá lọ síbi àmì, mi ò ráyè gbọ́ ohun tí ẹ̀yìn mi ń sọ. Lójú ògiri, kò sí àmì, ẹ̀yìn nìkan ló kù tí mo lè gbọ́.

Ìgbà wo ni mò ń ṣe é? Mi ò wá àyè tuntun fún un. Mo so ó mọ́ ohun tí kì í yẹ̀ lọ́jọ́ mi, ìyẹn aṣọ iṣẹ́. Kí n tó wọ aṣọ iṣẹ́, màá fa ọrun, yálà àárọ̀ ni mò ń lọ tàbí ọ̀sán. Aago kò ṣe é so ó mọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yí bíi tèmi, nítorí aago mẹ́fà àárọ̀ tó bá mi lórí ìdúró lọ́sẹ̀ yìí lè bá mi lórí ibùsùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mò ń ṣe é. Mo tún ṣe ohun kan tó dà bí ohun kékeré: mo jáwọ́ nínú títú ọrun palẹ̀. Ó wà lórí ìkọ́ nínú yàrá mi ní títò, ọsán wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ títí di ìparí, ẹrù ìṣẹ́jú 15 ti kúrò lọ́nà nìyẹn. Àwọn ọfà ní tiwọn wà nínú àpótí tí mo tì, kọ́kọ́rọ́ wà lára kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà mi. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé àwọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọrun náà bí mi ò bá sí níbẹ̀. Síbẹ̀, mo ń ti àpótí.

Ní ọ̀sẹ̀ òru, ìlànà mi yàtọ̀. Mi ò ń tafà bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gba ibi iṣẹ́ lọ sí pápá tààrà, ọfà kẹta mi sì kọjá lórí ìdì koríko tí a máa ń ta ọfà sí, ó lọ balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ojú tí kò sùn kò mọ ìwọ̀n. Rọ́bà nìkan ni mò ń fà lọ́sẹ̀ òru, lẹ́yìn tí mo bá ti sùn jí, mi ò sì kà á sí àdánù.

Pápá ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ilé kò lè rọ́pò pápá. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣí pápá ju àárọ̀ Sátidé lọ nígbà yẹn, wákàtí mẹ́rin. Àwa márùn-ún tí iṣẹ́ wa ń yí la kọ̀wé sí àwọn alákòóso, a bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí i fún wa ní wákàtí kan, láti aago mẹ́fà sí méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀rù ń bà wọ́n nítorí ààbò, ẹ̀rù náà sì tọ́. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá tafà, a gbọ́dọ̀ pé méjì ó kéré tán, ọ̀kan nínú wa ló sì máa mú fèrè lọ́wọ́. Ìlànà fèrè tí wọ́n ń lò nínú ìdíje là ń tẹ̀ lé: fèrè méjì, ẹ bọ́ sórí ìlà, fèrè kan, ẹ máa ta, fèrè mẹ́ta, ẹ lọ fa ọfà yọ. Ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ báyìí, kò sẹ́ni tó farapa.

Nínú wákàtí yẹn, ọfà 54 ni mò ń ta. Mo máa ń fi 18 àkọ́kọ́ ta ìdì koríko láti mítà márùn-ún, láìfi bébà àmì kankan síbẹ̀. Màá wo iwájú, màá fa ọrun, màá di ojú méjèèjì, màá sì jẹ́ kí ọsán lọ. Kò séwu nínú rẹ̀, nítorí ìdì koríko náà tóbi, ó sì wà níwájú ẹni gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìka mi máa ń já ọsán dípò kí ó tú u sílẹ̀. Ọfà 36 tó kù, mítà 30. Bó bá ti pé 54, mo ti dé òpin, bí ó bá tilẹ̀ ń dùn mọ́ mi. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ iye ọfà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Iye ọfà ni mò ń kọ, mi ò kọ máàkì. Tí mo bá rí 54, 54, 110, 54, mo mọ̀ pé ara mi wà ní àlàáfíà. Tí mo bá rí 0, 0, 0, mo mọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ ta ju 30 lọ lọ́jọ́ tí mo bá padà.

Máàkì náà kò ṣàìyípadà. Ìdíje abẹ́ òrùlé àkọ́kọ́ mi, mítà 18, ọfà 60, bébà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40: mo gba 438 nínú 600. Èyí ni ọdún tí Sátidé nìkan ni mo gbójú lé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo gba 497. Ọrun kan náà ni, ọfà kan náà ni. Ní ìdíje Olympics ti Paris lọ́dún 2024, Kim Woo-jin ti Kòríà àti Brady Ellison ti Amẹ́ríkà ta ọ̀mì nínú àṣekágbá ọkùnrin, wọ́n sì ní kí oníkálukú ta ọfà kan láti mítà 70. Àwọn méjèèjì gba 10. Mìlímítà 4.9 ni ọfà Kim fi sún mọ́ àárín ju ti èkejì lọ, òun ló gba wúrà. Mo rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń rẹ̀ mí láti fa ọrun lẹ́ẹ̀kẹjọ.

Ọ̀rọ̀ “àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́” yẹn ni mo fẹ́ padà sí, torí ó dùn mí. Lọ́dún 1363, Edward Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin tí ara rẹ̀ le máa fi ọrun àti ọfà dánra wò lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó sì ka bọ́ọ̀lù àti àwọn eré mìíràn léèwọ̀ fún wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún? Nítorí òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ wọn dilẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àyè ti wà nínú ọfà títa. Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, mo tún mọ èyí tó jìnnà sí eré àwọn aláìníṣẹ́ pátápátá. Ní July 29, 1948, ọjọ́ tí Olympics bẹ̀rẹ̀ ní London gan-an, dókítà Ludwig Guttmann kó àwọn jagunjagun 16 tó ti fara gbọgbẹ́, ọkùnrin àti obìnrin, jáde sí pápá ilé ìwòsàn Stoke Mandeville. Orí àga onítáyà ni wọ́n wà, ọfà ni wọ́n sì fi figagbága. Àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́ ni Guttmann ń tọ́jú, ó sì mọ̀ pé ọfà títa máa ń fún apá, èjìká àti àyà lágbára. Inú ìtọ́jú ni wọ́n fi ọfà sí. Láti inú ìdíje yẹn ni Paralympics, ìdíje àgbáyé ti àwọn aláàbọ̀ ara, ti ṣẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ṣe é ní Rome lọ́dún 1960, ọfà wà níbẹ̀.

Èmi náà ń lò ó bí ìtọ́jú, n kò ní fi pamọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí a máa ń pàdánù aláìsàn tí gbogbo wa ti gbìyànjú lé lórí. Mi ò lè gbé ojú yẹn wọlé tọ àwọn ọmọ mi. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ mo máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá, màá fa ọrun lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, màá ka 20, màá ka 40. Láàárín ìkíní àti ìkẹjọ, èémí mi á ti padà sípò. Lẹ́yìn náà ni màá jáde lọ bá wọn.

Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo ní. Èkíní: ojú ìwé eré ìdárayá yín máa ń sọ fún wa ẹni tó borí nínú ìdíje ọfà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún máa tẹ wákàtí tí àwọn ẹgbẹ́ tafàtafà ń ṣí pápá wọn jáde, pàápàá àwọn tó ń ṣí ní kùtùkùtù tàbí lálẹ́, kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yí lè mọ ibi tó lè lọ. Èkejì: kí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ tó bá ka lẹ́tà yìí wò ó bóyá wọ́n lè ṣí wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni méjì àti fèrè kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi, bí o kò bá tíì ta ọrun náà, mú un jáde nínú àpò lálẹ́ òní, kí o sì gbé e kọ́ síbi tí ojú rẹ á ti máa rí i. Má lọ sí pápá lọ́sẹ̀ yìí. Fà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí o má kọjá mẹ́rin, torí o ti pẹ́ nílé. Bí o bá sì ti tà á, apá ọrun tí mo fi kọ́ṣẹ́, ti pọ́ùn 24, ṣì wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìdìmú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ìwọ̀n yẹn ló sì yẹ ẹni tó ń padà bọ̀. Àdírẹ́sì mi wà lọ́wọ́ olóòtú. Kọ̀wé sí mi, màá fi ránṣẹ́ sí ọ láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì